ÌJỌBA LÓ FA ÌWÉ ÀDÉHÙN YA, ARÁ ÌLÚ LÓ SANWÓ RẸ̀!

Bí sìmẹ́ǹtì ṣe dí wọ́ọ̀fù Àpápá pa ní 1975, bí ọkọ̀ ojú irin Èkó ṣe fi ọdún 38 pẹ́, àti ohun tó yẹ kí ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀

Ká ní ìyá kan gbé iṣẹ́ fún káfíńtà pé kó bá òun kan kọ́bọ́ọ̀dù ńlá. Wọ́n ná an, wọ́n fẹnu kò, ìyá san àsansílẹ̀. Káfíńtà ra pákó, ó gé e, ó fá a, ó ti kan ilẹ̀kùn méjì mọ́ ọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí iṣẹ́ parí ni ìyá bá yọ lójijì, ó ní, "Ẹ dákun, mi ò ṣe mọ́ o. Kò sówó nílé."

Ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà. Kò sẹ́ni tó máa fi tipátipá gbé kọ́bọ́ọ̀dù wọ yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí káfíńtà kó gbogbo àsansílẹ̀ òun jáde láìku kọ́bọ̀, ìjà dé nìyẹn! Tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó lọ ra pákó ni? Pákó tó ti gé sí wẹ́wẹ́ yìí, ta ni ẹ fẹ́ kó tà á fún?"

Bí ọ̀rọ̀ ìjọba àti àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe rí gan-an nìyí. Èèyàn á kàn gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti wọ́gi lé iṣẹ́ kan "nítorí ire ará ìlú". Àwọn kan á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn olè ni wọ́n gbé e fún tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ náà á tutù. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tutù. Lọ́yà ń kọ̀wé, ilé ẹjọ́ ń jókòó, èlé ń gun orí owó.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ìjọba àti ìyá oníkọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá tó yí ọkàn padà, àpò ara rẹ̀ ló máa fi gbá a. Ìjọba tó yí ọkàn padà, àpò gbogbo ìlú ló máa fi gbá a: àpò ìyá aláta, àpò télọ̀, àpò mẹkáníìkì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ kó jẹ́ ti lọ́yà nìkan. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó.

SÌMẸ́ǸTÌ TÓ DI ÌLÚ LÓRÍ OMI

Àwọn bíríkìlà tó ti dàgbà kò lè gbàgbé ọdún 1975. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló wà lórí oyè nígbà náà. Owó epo ń wọlé bí omi. Ogun abẹ́lé ti parí láti 1970, wọ́n fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn sọ́jà, wọ́n fẹ́ kọ́ afárá, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe wá a! Ìwé àdéhùn 109 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú oníṣòwò 68 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rà lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù. Owó rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Gbogbo èbúté Èkó àti Àpápá kò sì lè já ìdá mẹ́ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, ká tiẹ̀ ní kò sí ẹrù ẹlòmíì níbẹ̀ rárá.

Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kò jẹ́ ṣe irú èyí. Kó tó ra ọ̀gọ́rùn-ún àpò ìrẹsì, ó ti mọ ibi tó máa tò ó sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá lábẹ́ ìjọba kò wo bí wọ́ọ̀fù ṣe tóbi tó.

Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé nìyẹn. Wọ́n dé, wọ́n dé, wọ́n di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí omi níwájú Èkó. Lálẹ́, iná wọn dà bí ìlú kan tí wọ́n tẹ̀ dó sí orí òkun. Ọkọ̀ míì dúró fún oṣù mélòó kan láìrí ibi gúnlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti kẹ́rù rí ló sì mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dúró lásán. Owó ìdúró ọkọ̀, èyí tí àwọn ará wọ́ọ̀fù ń pè ní dẹ́múréèjì, ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Sìmẹ́ǹtì sì nìyí, ọ̀tá omi ni. Bó ti ń pẹ́ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gan. Ẹrù àwọn èèyàn míì, oúnjẹ àti ẹ̀yà ara mọ́tò, wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, wọn ò rọ́nà kọjá. Ìyà náà wá dé ọjà.

Ní July 29, 1975, àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ Gowon gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló bọ́ sórí oyè. Ìjọba tuntun kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ forí lé Èkó mọ́ láìjẹ́ pé ó ti fi oṣù méjì sọ tẹ́lẹ̀ kó tó gbéra. Wọ́n dá owó tí báńkì ti ṣèlérí fún àwọn oníṣòwò dúró. Wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò wá ká jọ jókòó, ká jọ dín in kù.

Ṣé ohun tí ìjọba ṣe burú ni? Ẹni tó bá máa sọ òótọ́ kò lè ní ó burú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí gbogbo sìmẹ́ǹtì yẹn dé tán, ìlú á dákú. Ire ará ìlú wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù á fa igbó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gba owó gbà-máà-bínú, wọ́n lọ. Àwọn tó kù gba kọ́ọ̀tù lọ, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Trendtex, tirẹ̀ jẹ́ 240,000 tọ́ọ̀nù, 60 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ó pe Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

"ẸNI TÓ WỌ ỌJÀ, ỌLỌ́JÀ NI"

Ohun tí Nàìjíríà fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé ìjọba lòun, kọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè kan kì í dá ìjọba orílẹ̀-èdè míì lẹ́jọ́. Òótọ́ ni pé bí ó ṣe wà láyé àtijọ́ nìyẹn. Ọba kì í lọ jẹ́jọ́ láàfin ọba ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ní January 1977, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù dá Trendtex láre. Lára ohun tí Lord Denning dúró lé ni pé ayé ti yí padà. Bí ìjọba bá ń ṣe ìjọba, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sí ọjà, tó ń ra sìmẹ́ǹtì bí gbogbo ayé ṣe ń rà á, oníbàárà ni bí àwọn oníbàárà yòókù. Kó sanwó ohun tó rà ni. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní New York náà sọ pé kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníṣòwò sìmẹ́ǹtì míì.

Ẹjọ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Títí di òní, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lókè òkun ń kà á nínú ìwé. Ohun tó sì kọ́ gbogbo ayé kò le láti yé ìyá tó ń ta gààrí: adé kò sí nínú ọjà. Ẹni tó bá ti wọ ọjà, ọlọ́jà ni. Ọjà tó bá ti ná tí wọ́n dì fún un, òfin ọjà ló máa tẹ̀ lé.

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN BÀBÁ JÁKAŃDÈ

Ti sìmẹ́ǹtì, ó ṣeé dárí jì wọ́n, torí àdéhùn náà ti burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó dun ará Èkó wọra ni ti ọkọ̀ ojú irin.

Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákańdè di gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní October 1, 1979. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́, ilé olówó pọ́ọ́kú ló kọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ máa pa Èkó bí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe. Ó ní kí ọkọ̀ ojú irin tó yára máa kó èrò láàárín ìlú, láti Marina ní Erékùṣù títí dé apá Àgége. Iṣẹ́ náà ni wọ́n pè ní Metroline. Àwọn ilé iṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ Interinfra, ni wọ́n gbé e fún. Ní 1983, wọ́n ṣí iṣẹ́. Owó ti jáde lápò ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní December 31, 1983, àwọn sọ́jà tún dé. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí ìjọba. Wọ́n kó Jákańdè àtàwọn gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ sí àtìmọ́lé. Nígbà tó di 1985, ìjọba ológun wọ́gi lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà.

Kí ló fà á? Wọ́n ní kò sówó. Ẹ jẹ́ ká sọ tiwọn náà: irọ́ kọ́ ni pé nǹkan le nígbà náà. Owó epo ti já wálẹ̀, gbèsè òkèèrè ti pọ̀, àwọn èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà. Ẹni tó bá wà nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ lè rò pé ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ohun tó kàn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n lè ní kí iṣẹ́ rọra lọ. Wọ́n lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ibi tó kéré nínú rẹ̀. Wọ́n lè bá àwọn Faransé jókòó ká dín owó kù. Wọ́n fa ìwé ya. Iye tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ pé ìpínlẹ̀ Èkó pàdánù sí i lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Kò sí ọkọ̀, kò sí irin, kò sí ibùdókọ̀ kan tí wọ́n lè fi hàn pé owó náà rèé.

Èyí tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ta ló wá máa ṣírò èyí tí kò sí nínú ìwé? Ìyá tó ń ta ẹja ní Oyíǹgbò tó ń jí láago mẹ́rin òru ní Agége, tó ń wá mólúè. Télọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Erékùṣù, tó ń lo wákàtí mẹ́ta lórí afárá. Tòmátì tó rà nínú ọkọ̀ nítorí hólóòpù. Òógùn tó ṣàn dànù lójú ọ̀nà láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọdún mélòó? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọdún 38 ni. Ní January 24, 2023, wọ́n ṣí apá kìíní ọ̀nà ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ta ló wá ṣí i? Muhammadu Buhari yẹn náà ni! Ó ti padà di ààrẹ, lọ́tẹ̀ yìí nípa ìbò. Ọwọ́ tó fa ti àkọ́kọ́ ya ló gé tẹ́ẹ̀pù èyí. Ní September 4, 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Nígbà tó sì di October 2024, Red Line náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Agbádó, ó gba Ìjú, Àgége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábàá kọjá, ó sì dé Oyíǹgbò. Ọ̀nà apá ibi tí Jákańdè ń rò ní 1983 náà ni.

Bàbá Jákańdè kò rí i. Ó kú ní February 2021, ẹni ọdún 91. Buhari náà ti kú ní July 2025. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tó ń kiri omi ní Oyíǹgbò lọ́dún tí wọ́n fa ìwé ya, ẹni ọdún 48 ni lọ́jọ́ tí èrò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun. Ó ṣeé ṣe kó ti di ìyá àgbà.

Ẹ wá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ní 1975, wọ́n fagi lé àdéhùn burúkú, wọ́n sì sanwó. Ní 1985, wọ́n wọ́gi lé iṣẹ́ rere, wọ́n tún pàdánù owó. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba sábà máa ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni: ire ará ìlú. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kò tó. Ó yẹ kí ìlú bèèrè pé: ire ta ni, èló ni, ta ló máa san án?

Ẹ̀Ẹ̀KAN TÍ NÀÌJÍRÍÀ KÒ SAN

Ṣé kò wá sí ọ̀nà tí ìjọba lè gbà bọ́ láìsanwó ni? Ó wà. Bí jìbìtì bá wà nínú rẹ̀, tí ìjọba sì fi ẹ̀rí hàn níwájú adájọ́.

Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn ọdún 20 lórí gáàsì. Ìjọba á gbé gáàsì wá, ilé iṣẹ́ náà á kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa sẹ́ ẹ. Gáàsì kò dé, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò kọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, P&ID lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ìjọba ti yẹ àdéhùn, kó san èrè tí òun ì bá jẹ. Ní January 2017, ìgbìmọ̀ náà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Pẹ̀lú èlé, owó náà wú títí ó fi ju bílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Háà! Fún iṣẹ́ tí wọn ò gbẹ́ kòtò kan fún!

Lọ́yà Nàìjíríà tún gba kọ́ọ̀tù lọ. Wọ́n tú àṣírí, wọ́n kó ìwé báńkì sílẹ̀. Ní October 23, 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní rìbá, wọ́n parọ́ nínú ẹ̀rí, ìwé àṣírí lọ́yà Nàìjíríà sì ti dé ọwọ́ wọn. Bí gbèsè náà ṣe já bọ́ lọ́rùn ìlú nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: ariwo orí rédíò kọ́ ló gba Nàìjíríà sílẹ̀ o. Ẹ̀rí ni. Ìjọba tó bá ń pariwo "àwọn olè ni wọ́n", tí kò kó ẹ̀rí lọ sí kọ́ọ̀tù, òun náà ń fi owó ìlú ṣeré ni.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÉ ẸNU Ọ̀NÀ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹlòmíì lè ní, "Èwo ló kàn mí nínú gáàsì àti sìmẹ́ǹtì?" Ó kàn ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ "ire ará ìlú" yẹn náà ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ẹ̀tọ́ ẹni sí ilẹ̀ padà bí ire gbogbo ìlú bá béèrè fún un, bíi títì, ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀. Ó tún ní ẹ̀tọ́ sí owó ìdípò fún ilé tó kọ́ síbẹ̀, nǹkan tó gbìn, àti owó ilẹ̀ tó san lọ́dún náà. Ilẹ̀ gbalasa fúnra rẹ̀ ni wọn kì í sanwó fún. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ire ará ìlú gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kó wá gbé e fún ẹlòmíì tó ń wá èrè ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìwé ni kí oníṣọ́ọ̀bù gbára lé, kó má gbára lé ẹnu. Ìwé tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù fún un, rìsíìtì owó tó ń san lọ́dọọdún, ìwé ohun tó fi kọ́ ọ. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n bá dé pẹ̀lú katakata, ẹkún ló máa fi ṣe ẹ̀rí.

KÍ WỌ́N TÓ TỌWỌ́ BỌ̀WÉ NI KÍ ÌLÚ TI BÈÈRÈ

Ìjọba gbọ́dọ̀ ní agbára láti jáwọ́ nínú àdéhùn tó máa ba ìlú jẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìlú rì nítorí ìwé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí agbára yẹn kò ná ìlú lówó púpọ̀ ni kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin ní 2007, tó dá àjọ kan sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ àgbàṣe wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Àjọ náà lágbára láti fagi lé èyí tó bá lòdì sí òfin. Bí àyẹ̀wò yẹn bá jinlẹ̀, kò ní sí pé wọ́n ń ra sìmẹ́ǹtì tí wọ́ọ̀fù kò lè gbà.

Bí ìjọba bá sì máa wọ́gi lé iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bi aṣòfin wọn. Èló ló ti jáde? Èló la máa san fún ẹni tí wọ́n já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, nígbà wo? Bí aṣòfin bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ìṣirò sì bára mu, kí ìlú pàtẹ́wọ́. Bí kò bá rí èsì fún ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n rántí ìyá ẹlẹ́ja tó ń jí láago mẹ́rin òru ní Agége.

Káfíńtà mọ̀ ọ́n, ìyá oníkọ́bọ́ọ̀dù náà mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí wọ́n ń náà ni kéèyàn ti ronú. Pákó tí wọ́n bá ti gé, kò tún lè di igi mọ́.